Àlejò Inú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta

Ìwé tuntun. Baba Jẹ́jẹ́ ló rà á fún mi bí a ṣe ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Ó ní kí n máa kọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ sínú rẹ̀ títí ẹnu mi yóò fi san. Ọkọ mi kì í rajà tí kò pọn dandan, nítorí náà mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ká a lára tó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Eyín ọ̀tún nísàlẹ̀ – Alágídí ni mo sọ ọ́ – ti ń dà mí láàmú láti ìgbà òjò tó kọjá. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti bú u, mo ti fi ọtí líle ṣan án. Kò gbọ́. Lónìí ni wọ́n wá wọ inú gbòǹgbò rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́kùnrin ni dókítà náà, ọwọ́ rẹ̀ tutù, kì í rẹ́rìn-ín. Ó gún mi lábẹ́rẹ́, ètè mi kú, ahọ́n mi kú, ìgbà náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Èyí ni n kò ní tètè dárí rẹ̀ jì í. Ẹ pa èèyàn lẹ́nu tán, ẹ wá ní kó máa dáhùn.

Ó ní kí ni mo ń fi eyín yìí ṣe. Mo ní oúnjẹ ni. Ó ní oúnjẹ kò lè gbẹ́ irú kòtò yìí. Mo bá sọ òótọ́: òwú ni mo fi ń já. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ni, ọ̀gá mi náà bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, òun ló kọ́ mi. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni ti eyín iwájú, òwú tó yi ni ti Alágídí. Dókítà ní ṣé kò sí sísọ́ọ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù mi ni. Ó wà. Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa wá sísọ́ọ̀sì kiri abẹ́ aṣọ nígbà tí eyín wà lẹ́nu?

Ó gbẹ́ ẹ, ó yọ iṣan tó ti kú kúrò nínú rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dí gbòǹgbò, ó fi nǹkan bò ó lórí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní èrìgì lè wú fún ọjọ́ mélòó kan, kí n má bẹ̀rù. Omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí n máa fi ṣan ẹnu. Aṣọ tútù ni kí n máa gbé lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí n má fi apá ọ̀tún jẹun. Kí n sì dín ọ̀rọ̀ kù.

Níbi tó ti sọ ti ìgbẹ̀yìn yìí ni Baba Jẹ́jẹ́ ti bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi í látàárọ̀: "Dókítà, fún bí ọjọ́ mélòó?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo jí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti jí ṣáájú mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Àlejò ti dé. Orúkọ tí mo sọ wíwú yìí nìyẹn, nítorí kò kan ilẹ̀kùn, kò sọ ọjọ́ tí yóò lọ, ó sì ti gba yàrá ju onílé lọ. Ojú mi ọ̀tún ti kéré.

Síbẹ̀ mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Iwájú ilé wa náà ni, ilẹ̀kùn kan ló là á láàárín. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ mi wà lọ́rùn Aláìlórí, ọmọlangidi tí mo fi ń gbé aṣọ wọ̀. Oṣù Karùn-ún ni ìgbéyàwó. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn – Ìgbín – tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, tó ń gun òrùlé iléeṣẹ́ kiri bí ológbò. Ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ni Onítáì. Iléeṣẹ́ adójútòfò ló ń bá ṣiṣẹ́, táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ó wá gbé ṣòkòtò fún mi láti gé, mo sì ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé àna mi ló dúró síwájú mi yìí.

Oníbọ́tìnnì wọlé wá wò mí. Òun ló ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ní ẹ̀gbẹ́ wa, ọ̀rẹ́ mi ni láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bí ojú aṣọ bá wú lẹ́yìn tí a rán an tán, kí là ń ṣe sí i?"

Áyọ́ọ̀nù là ń tẹ̀ ẹ́. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Mo ká aṣọ, mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbóná dáadáa, mo gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó dùn. Mo tún gbé òmíràn lé e. A tilẹ̀ wọ́n omi díẹ̀ sí i kí ó lè fẹ́ ooru, bí a ṣe ń ṣe fún aṣọ tí kò gbọ́ràn. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, Àlejò ti lọ kó ẹbí rẹ̀ wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

A padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní kí ni mo gbé lé e. N kò lè sọ̀rọ̀. Baba Jẹ́jẹ́ ló dáhùn: "Áyọ́ọ̀nù ni."

Dókítà gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí ó tún un sọ. Baba Jẹ́jẹ́ tún un sọ.

Ó ní òun sọ pé aṣọ tútù. Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní èrìgì tó ti ní ọyún nínú, bí a bá fi ooru ràn án lọ́wọ́ láti ìta, ńṣe ni yóò máa tàn ká. Ó fi ẹnu abẹ́ já a, ó fún ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde. Kò sí ohun tí mo lè fi ìrora náà wé, n kò sì fẹ́ wé e. Ó fún mi ní kápúsù, ó ní kí n lò ó tán pátápátá kódà bí ó bá ti san. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má sọ̀rọ̀ rárá, ojú ibi tí òun là gbọ́dọ̀ pa dé. Kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún.

Baba Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó bọ̀ ọ́ títí.

Lójú ọ̀nà ó ní àwọn àgbà ti sọ ọ́, pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ sọ fún un pé òwú ló kó bá tèmi, kì í ṣe ọ̀rọ̀. N kò lè sọ ọ́. Ó wá ń súfèé lọ bí ọmọdé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo ti rí ọ̀nà kan. Mo gé àjákù aṣọ dúdú kan, ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń la aṣọ ni mo fi ń kọ̀wé sí i. Ọ̀rọ̀ ńláńlá, nítorí ẹnu ṣọ́ọ̀kì náà kò mú. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, onítọ̀hún ti gbàgbé ohun tó bi mí.

Ṣùgbọ́n ohun ìyanu kan ń ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn ń bá mi sọ̀rọ̀. Olùkọ́ Àgbà wá wọ aṣọ wò – obìnrin tó jẹ́ pé ìwọ̀n tó fún mi kí ó tó bímọ ló ṣì ní kí n máa lò. Mo gbé téèpù yí i ká, mo dúró. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹnu mi ì bá ti débẹ̀. Òun náà dúró, ó ń retí mi. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ kúkú wọ̀n mí bí mo ṣe rí." Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó dì mọ́ mi kí ó tó lọ.

Nírọ̀lẹ́, Baba Jẹ́jẹ́ jókòó tì mí. Ó wú ikọ́. Ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi. Ṣòkòtò tí mo ń rán fún òun ń fún òun nítan. Mo nawọ́ sí èyí tó wọ̀. Ó ní gbogbo wọn ni, láti ọdún tí a ti ṣègbéyàwó. Mo kọ ọ́ sórí aṣọ: KÍ LÓ DÉ TÍ Ẹ KÒ SỌ? Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó kà á, ó ronú dáadáa.

Ó ní, "Ìgbà wo?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Oúnjẹ olómi láàárọ̀. Oúnjẹ olómi lọ́sàn-án. Baba Jẹ́jẹ́ jókòó síwájú mi, ó ń fọ́ eegun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ìgbín gbé omi iyọ̀ wá fún mi ní yàrá. Kò lọ. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ògiri.

Ọmọ yìí, kí ó tó sọ gbólóhùn kan tán, èèyàn á ti rán bọ́tìnnì sí ṣẹ́ẹ̀tì látòkè délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti kékeré, ìdí tí mo fi ń pè é ní Ìgbín nìyẹn. Èmi kò sì ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ní "Màámi, mo fẹ́...", èmi á ti sọ ohun tó fẹ́ fún un. Mo sì máa ń mọ̀ ọ́n. Kò tíì sọ fún mi rí pé n kò mọ̀ ọ́n.

Lónìí ó ní "Màámi", ó dákẹ́. Mo la ẹnu, ó dùn mí, mo pa á dé. Ó wá ní ọrùn aṣọ ìgbéyàwó yẹn, ó ń há òun lọ́rùn, òun ti ń fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ tí òun ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò. Mo kọ ọ́: MÀÁ TÚ U. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ku nǹkan kan, ṣùgbọ́n kí òun kọ́kọ́ tò ó lọ́kàn. Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó jáde.

Ó ku nǹkan kan. Kí ló kù? Ìbéèrè tó wà lẹ́nu mi báyìí pọ̀ ju ọyún tí dókítà fún jáde lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Àlejò ti ń di ẹrù rẹ̀. Ojú ọ̀tún mi ti là. Mo lè fi ahọ́n kan èrìgì, kò ta mí mọ́.

Ìgbín tún wá lálẹ́. Ó sọ bí òun ṣe há sórí òrùlé lónìí, tí ẹ̀ṣọ́ iléeṣẹ́ náà gbé àkàbà lọ kun ilé tirẹ̀, tí òun ń wo ọkùnrin náà láti òkè bó ṣe ń kùn ún, tí òun sì ń sọ fún un ibi tí ọ̀dà kò tíì kàn. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. N kò mọ̀ pé ọmọ mi ń pani lẹ́rìn-ín tó báyìí. Ọmọ tí mo bí. Ó dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo ba nǹkan jẹ́.

Ó jókòó síbi tó ń jókòó sí. Ó ní, "Màámi, ní ti oṣù Karùn-ún yìí..." Ó dákẹ́. Mo ń retí. Ó ń fi ìka lọ́ etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Kí ló ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde geere, láìsí ìrora kankan. Ẹnu mi ti san, kò sọ fún mi. Ìgbín fò dìde. Ó ní ọpẹ́ ni fún Olúwa, ẹnu mi ti là. Inú rẹ̀ dùn fún mi tọkàntọkàn, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ká ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ padà. Ó ní a ó máa sọ ọ́ nígbà mìíràn, kò le. Mo di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, mo kérora. Ó ti pẹ́ jù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Èrìgì mi tẹ́ pẹrẹsẹ láàárọ̀ yìí bí ojú tábìlì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì dọ́gba. Obìnrin mìíràn ì bá dúpẹ́.

Mo ronú sí i níbi tí mo ti ń gé aṣọ. Bí mo bá ti lè sọ̀rọ̀, màá sọ̀rọ̀. Mo mọ ara mi. Kò sí ẹ̀jẹ́ tí mo lè jẹ́ tó máa gbé mi la àárọ̀ kan kọjá. Ọmọ náà sì ní nǹkan tó wúwo lọ́kàn, nípa ìgbéyàwó tó kù díẹ̀ kó dé. Ó ń wá etí, ẹnu ló sì ń bá pàdé.

Mo ní òwú èjìká, èyí tí à ń tì sábẹ́ èjìká kóòtù kí ó lè yọ. Mo fa díẹ̀ já, mo ká a, mo rán an létí kí ó má tú. Mo dúró síwájú dígí ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wo obìnrin inú dígí bí mo ṣe ń wo oníbàárà: mo tì í bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti yọ jù, mo yọ ọ́, mo dín in kù, mo tún tì í bọ̀ ọ́. Ó wá rí bó ṣe yẹ. Ọlọ́run ló mọ̀ pé iṣẹ́ dáadáa ni. Ó ń rùn bí ilé ìkẹ́rùsí, ó sì ń fa gbogbo itọ́ ẹnu mi mu.

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, n kò pè é ní nǹkan mìíràn.

Baba Jẹ́jẹ́ wò mí lórí oúnjẹ. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní pẹ̀lẹ́ o, ó sì ń jẹun lọ.

Ìgbín wọlé lálẹ́ pẹ̀lú omi iyọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pẹ́. Ó ní, "Ó tún ti wú." Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ife kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní ó rẹ òun lónìí, ṣùgbọ́n òun ń bọ̀ lọ́la, òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá mi sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ó sọ ọ́.

Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Màámi, mi ò fẹ́ fẹ́ ẹ mọ́."

Mo gé òwú èjìká jẹ. Ohun tó gbà mí là nìyẹn.

Ó ní Onítáì kì í ṣe èèyàn burúkú. Kì í mutí, kì í lu èèyàn, obìnrin mìíràn kò sí níbẹ̀. "Ó máa ń bá mi parí ọ̀rọ̀ ni." Bí òun bá ní "Mo fẹ́...", kí òun tó wí tán, ó ti bá òun wí i. Ohun tó ń wí kì í sì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn òun, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn ún gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi máa ń ti òun láti sọ pé rárá. Ó ti sọ fún gbogbo ẹbí rẹ̀ pé òun máa fi iṣẹ́ orí òrùlé sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Òun ní, "Iṣẹ́ mi yìí...", òun ń wá bí òun ṣe máa sọ ọ́ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ti bá òun parí ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Látọjọ́ tá a ti ń bá ara wa bọ̀, mi ò tíì parí gbólóhùn kan níwájú ẹ̀."

Orí mi ń gbóná. Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ọjọ́ wo ni mo ti ń rán aṣọ yìí?

Àfi bí ẹni pé ó gbọ́ mi. Ó ní òun gbìyànjú. Ìgbà kan, mo ní ẹ̀rù ìgbéyàwó ló ń bà á, gbogbo wa ló bà bẹ́ẹ̀. Ìgbà mìíràn, mo ní ó rẹ̀ ẹ́ ni, kí ó lọ sùn. Mo rántí. Mo rántí pé inú mi dùn pé mo tètè mọ ohun tó ń ṣe é.

Ó wá ní, jẹ́jẹ́, láìbínú: "Ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Tí mo bá fẹ́ ẹ, ẹ̀yin méjì ni mo máa bá gbé. Mi ò wá ní ríbi sọ̀rọ̀ títí màá fi kú."

Kò sunkún. Bí ó bá sunkún ni, màá ti mọ ohun tí màá ṣe. Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo bínú látàárọ̀ dọ̀sán. Èmi tí mo ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé ọmọ mi kì í fi nǹkan pa mọ́ fún mi! Mo bínú sí Onítáì, mo bínú sí Ìgbín, mo bínú sí Alágídí tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Lọ́sàn-án, Olùkọ́ Àgbà wá gba aṣọ, ó ṣe àwàdà kan, òwú èjìká fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Ó lù mí lẹ́yìn. Ó ní ọyún èrìgì burú o.

Lẹ́yìn tó lọ, mo jókòó síwájú Aláìlórí. Aṣọ náà dára. Kò sí aṣọ tí mo rán tó dára tó o. Mo rán an fún ọmọ tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, òwú náà wú sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Onítáì wá kí mi. Táì aláwọ̀ búlúù. "Màámi, ẹ kú ìnira yìí." Ó fẹ́ mọ àwọ̀ aṣọ tí a ó fi bo àwọn tábìlì lọ́jọ́ náà. Mo mú ṣọ́ọ̀kì. N kò tíì gbé e kan aṣọ, ó ní, "Funfun. Mo mọ̀ pé funfun lẹ máa fẹ́."

N kò fẹ́ funfun. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: ÀWỌ̀ EWÉ. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí Ìgbín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa: "O ò rí Màámi, àìsàn ò ní kí wọ́n má ṣeré."

Ìgbín ní, "Mo rò pé..."

"...pé funfun náà ló dáa jù. Ẹ rí i? Ẹnu wa kò ju ọ̀kan lọ."

Ìgbín wò mí. Mo fẹ́ pọ òwú èjìká jáde kí n sọ ohun tí màmá rẹ̀ kò sọ fún un rí, òwú náà há sẹ́yìn eyín, ikọ́ gbé mi. Onítáì dìde kíá: "Màámi fẹ́ omi." N kò fẹ́ omi náà. Wọ́n gbé e fún mi, mo mu ún.

Báyìí ló ṣe máa ń rí lára ọmọ mi láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ojú tì mí, kì í ṣe díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo tú ọrùn aṣọ náà. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi tú u.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n má fi ọ̀ṣọ́ sí i.

Mo ti pinnu pé nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, màá yà sí ilé ìtọ̀, màá yọ òwú náà, màá sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti san lójijì. Ṣùgbọ́n Ìgbín ní òun ló máa sìn mí lọ lónìí, kì í ṣe bàbá rẹ̀. A wọlé báyìí, nọ́ọ̀sì ní àwa ló kàn. Ìgbín di apá mi mú, ó ń ràn mí lọ́wọ́ bí arúgbó, títí dé orí àga.

Dókítà ní kí n la ẹnu. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan. Ó mú ẹ̀mú kékeré, ó tì í bọ̀ ọ́, ó fa nǹkan náà jáde, ó gbé e sókè sí iná. Ó ń ro tótó.

"Mà, kí lèyí?"

Ìgbín ló dá a lóhùn. "Òwú èjìká ni, Dókítà. Ti kóòtù."

Dókítà wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni mo ṣe."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo gbé. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ẹni tó bá dúró síwájú mi, òsì mi ni ọ̀tún rẹ̀ máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọn obìnrin inú dígí. Mo fi ọ̀tún tirẹ̀ sí òsì tèmi.

Dókítà ní èrìgì ti san dáadáa, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti san. Kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀ kí ó dé Alágídí ní fìlà rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí eyín tirẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

A jáde. A kò wọ ọkọ̀, a ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹnu mi ṣófo, kò sí àwáwí kankan nínú rẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀.

Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í wú lápá ọ̀tún lánàá kó kó lọ sápá òsì lónìí. Bàbá òun náà mọ̀. Wọ́n ní kí òun má sọ, wọ́n ní ilé tòrò.

Mo ní kí ló wá dé tó ń bá mi sọ̀rọ̀, nígbà tó mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. N kò ràn án lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ dì í sẹ́nu kẹ́ ẹ lè gbọ́ mi ni. Ẹnikẹ́ni ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí."

Mo fi ìborí nu ojú. A rìn díẹ̀. Ó tún ní, "Màámi, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, tí mo bá fẹ́ sọ fún un pé mi ò fẹ́ fẹ́ ẹ mọ́, mo fẹ́...", ó sì dákẹ́. Mo mọ ohun tó kù. Ó hàn gbangba: ó fẹ́ kí n má dá sí i, kí n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí n má ti ẹnu bọ̀ ọ́. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi, ó ti dìde dúró, mo fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A kọjá ilé oníbúrẹ́dì. A kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí mo ṣe ṣe é.

Ó wá ní, "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì mí. Tó bá ti fẹ́ bá mi parí ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ pa á lẹ́nu mọ́. Kò sẹ́lòmíì tó lè ṣe é."

Ohun tí mo rò kọ́ nìyẹn. Kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Mo bi í bóyá kí n kàn rọra bá a wí, nítorí ọmọlúàbí èèyàn ni, tàbí kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Ó ronú. Mo dúró dè é.

Ó ní kí n má dín nǹkan kan kù.